Mo fẹ́ mú ọmọ mi obìnrin lọ kí àwọn ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Ìsẹ́yìn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáỌlọ́mọge, Lewisham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 4. Lọ́ńdọ̀nù ni mo bí i sí, kò sì tíì tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí. Nínú oṣù Kejìlá tó ń bọ̀, mo fẹ́ mú un lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ 3. Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni ìyá tó bí mi ń gbé. Ìyá àgbà ọkọ mi wà ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti lé lẹ́ni 90 ọdún, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, gbogbo ìgbà ni wọ́n sì ń ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fọwọ́ ba ọmọ tí ọmọ ọmọ àwọn bí. Ọkọ mi ò ráyè níbi iṣẹ́, èmi àti ọmọ nìkan la máa jọ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí ìwé ìrìnnà, ibà, ojú ọ̀nà àti oúnjẹ. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáni lóhùn. Onítìjú ni. Bí èèyàn bá ti pọ̀ níbì kan, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí, mo sì mọ bí agbo ilé ṣe máa ń kún nígbà ọdún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó wúwo lẹ́nu mi. Ìbátan ọkọ mi kan, obìnrin àgbàlagbà, bi mí lórí fóònù pé ṣé a ti ṣe fún ọmọ náà ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọbìnrin nílé wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ yé mi. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa.

Ará_Peckham

Ẹ kú ìmúra o. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ tò kí ẹ tó ra ẹrù kankan. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 25, sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Torí náà, ẹ lè gba páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un, ẹ sì lè gba físà sórí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá jẹ́ páṣípọ́ọ̀tù lẹ fẹ́, wọ́n máa béèrè NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà) ọmọ náà, ìwé ìbí rẹ̀, àti lẹ́tà tí bàbá àti ìyá fọwọ́ sí. Ẹ má jẹ́ kó di oṣù Kọkànlá, torí gbogbo wa tó ń lọ ṣọdún nílé la máa ń ya bo ọ́fíìsì wọn nígbà náà. Físà ti di ohun tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù Karùn-ún 2025. Ojú ìwé Immigration Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ, ẹ má kówó fún ẹni tó ní òun máa bá yín sáré rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì ṣe, ẹ mú páṣípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà dání, òun ló máa fi wọlé padà.

Ṣé orúkọ ọkọ lẹ ń jẹ́ nínú páṣípọ́ọ̀tù yín, àbí ti bàbá yín ló ṣì wà níbẹ̀? Bí orúkọ yín àti ti ọmọ ò bá bára mu, ẹ mú ìwé ìbí rẹ̀ tó gbé orúkọ yín jáde dání, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó. Kí ọkọ yín kọ lẹ́tà kan pé òun mọ̀ sí ìrìn àjò náà, kó kọ ọjọ́ àlọ àti àbọ̀, àdírẹ́sì tí ẹ máa dé sí àti nọ́ńbà fóònù òun sínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú lè bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ pé ta lẹni tó mú un dání yìí. Ọmọ tó ń tijú lè dákẹ́ lọ gbáà, ẹ jọ máa fi ṣeré nílé kó mọ ìdáhùn.

Ní ti ilé ìwé, ọmọ ọdún 4 ò tíì dé ọjọ́ orí tí òfin fi ń múni ní England, ẹ kàn sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ju ọdún 5 lọ ni kí ẹ ṣọ́ra, torí owó ìtanràn ti di £80 lórí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2024, ó sì ń di £160 bí ẹ ò bá tètè san án.

BàbáMẹ́ta_Houston

Kí n fi kún un fún àwa tó wà ní Amẹ́ríkà: bí òbí kan ṣoṣo bá ń mú ọmọ jáde, kí lẹ́tà ẹnì kejì ní òǹtẹ̀ notary, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé. Ó ti yọ èmi náà ní pápákọ̀ òfúrufú.

Nọ́ọ̀sìÌbàdàn

Ìyá Ọlọ́mọge, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ibà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà síbí ló rò pé níwọ̀n bí ẹ̀fọn Ìbàdàn ti jẹ yín láti kékeré, kò lè ṣe ọmọ yín ní nǹkan kan. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò ní àjẹsára kankan sí ibà. Èyí tí ẹ̀yin náà ní nígbà kan, ọdún tí ẹ ti lò lọ́hùn-ún ti jẹ ẹ́ tán. Nínú àwọn tó ń gbé ibà padà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó lọ kí ẹbí nílé ló pọ̀ jù lọ. Ẹ lo oògùn, àtìyá àtọmọ.

Bí ọmọ bá ṣe wọ̀n tó ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n oògùn tó máa lò, torí náà kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n ní kílíníìkì. Èyí tó wọ́pọ̀ fún ọmọdé ni Malarone ti àwọn ọmọdé. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́ tí ẹ bá wà níbí, ẹ ó sì tún lò ó fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Ọjọ́ 7 yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni ibà ti ń rí àyè wọlé. Ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ tàbí mílíìkì. Doxycycline tí ẹ̀yin àgbà ń lò kì í ṣe ti ọmọdé, ẹ má ṣe pín in fún un.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fún un, kí wọ́n sì fún yín ní yẹ́lò káàdì rẹ̀. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti gbà pé abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni, ṣùgbọ́n káàdì náà ò ṣiṣẹ́ àfi tó bá pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Bí ọmọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ MMR, àjẹsára èèyi, ẹ fi ọ̀sẹ̀ 4 sáàárín méjèèjì. Torí náà, ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ. Ti táífọ́ọ̀dù àti hẹpatáítì A, ọ̀fẹ́ ni GP yín, dókítà àdúgbò yín, á fi fún un. Ibà pọ́njú àti oògùn ibà ni ẹ máa sanwó fún.

Oṣù Kejìlá, ẹ̀fọn dín kù ṣùgbọ́n kò tán. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí ni irú tó ń gbé ibà kiri ń jẹni. Àpò ẹ̀fọn tí wọ́n ti fi oògùn sí ni kó máa sùn sí, àní bí Màmá bá ní nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé. Ọyẹ́ á ti dé nígbà náà, eruku rẹ̀ ń dí imú, ètè àti ẹsẹ̀ á máa bó. Ẹ mú súẹ́tà fún òwúrọ̀, kí ẹ sì fi òrí pa á lára. Bí ó bá ní ikọ́ fée, ẹ má gbàgbé inhaler rẹ̀.

Inú ilé náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kà mí láyà ju ti ojú títì lọ. Nílé ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa, inú ìgò mínírà ni kẹrosíìnì ń wà, ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ń gbé e sí. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí òùngbẹ ń gbẹ ò mọ̀ pé mínírà kọ́ ni. Ẹ pe Màmá ṣáájú, kí wọ́n gbé e sókè. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi tipátipá mú kó bì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kánga tó wà lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì tì í. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọ́dọ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí nítòsí fèrèsé yàrá tí ẹ̀ ń sùn. Bí ajá bá bù ú jẹ, ì báà ṣe ajá ilé, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn, torí dìgbòlugi kì í ṣe ohun à ń wò níran. Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá sá síta, títí kan pátá, ẹ lọ̀ ọ́. Eṣinṣin kan wà tó ń yé sára aṣọ tútù, ìdin rẹ̀ á sì wọ awọ ara ọmọ.

Ẹ ṣe ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò, kí ẹ sì ti mọ ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó súnmọ́ Òkè-Àdó kí ìdí kankan tó wáyé. Ilé ìwòsàn ńlá UCH wà nílùú náà fún ọ̀ràn tó bá le. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

ỌmọÒkèÒgùn

Ẹ kú àárọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Èkó ni mo ń gbé. Bí bàálù yín bá balẹ̀ lálẹ́, ẹ sùn ní Ìkẹjà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìfẹ́ mú yín wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn lóru, kódà kí ó jẹ́ bọ̀dá yín. Ẹ má sì kéde ọjọ́ tí ẹ máa dé sí gbogbo ìkànnì WhatsApp ẹbí. Ẹni tó máa wá pàdé yín àti ẹni tó máa gbà yín sílé ti tó.

Rélùwéè ni mo máa bá yín mú. Láti 2021 ló ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157 ni. Ẹ̀bùté Mẹ́ta ló ti ń gbéra, ṣùgbọ́n ó ń dúró ní Agége, èyí tó súnmọ́ pápákọ̀ òfúrufú jù. Ó ń dúró ní Abẹ́òkúta, Mọ́níyà ló sì parí sí. Ọmọdé ò ní jókòó sójú kan nínú gósíló Èkó sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n nínú rélùwéè ó lè rìn, ó lè lọ ilé ìtọ̀, ó lè máa wo igbó àti màlúù lójú fèrèsé. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí nígbà Kérésì kíá ni ó ń tán.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé Mọ́níyà náà ni ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti ya, ó gba Ìjàyè kọjá. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Ẹ gbéra láàárọ̀, kí ẹ sùn síbẹ̀ ní alẹ́ díẹ̀, kí ẹ má ṣe sáré lọ sáré bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyá àgbà tó ti lé lẹ́ni 90 ọdún kì í mọ ọmọ lójú ẹsẹ̀. Àárọ̀ kejì, nígbà tí ariwo àlejò bá ti rọlẹ̀, ni wọ́n á tó jókòó ti ara wọn.

Ẹ gbé àga ọmọ tí wọ́n ń so mọ́ inú mọ́tò wá láti Lewisham. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù kì í gba owó lórí rẹ̀. Kí ẹ tó fi ọwọ́ sí dírẹ́bà, ẹ béèrè pé ṣé bẹ́líìtì ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló ti gé tiwọn dànù. Àwọn àbúrò ọkọ yín á fẹ́ fi ọ̀kadà gbé e yípo àdúgbò. Ẹ kọ̀ jálẹ̀.

Ìlú wa ni ìlú aṣọ òkè. Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń hun ún, kó rí bí ọ̀kọ̀ ṣe ń sá láàárín òwú. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n hun ìró ẹtù tàbí àlàárì fún un, ẹ ránṣẹ́ ṣáájú. Òkè Adó-Àwáyé wà nítòsí, adágún sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 4 lọ, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ní Ìbàdàn, ẹ lọ wo àwọn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI), ẹ sì lọ sí ọgbà Agodi. Ọmọ tó ti ń kí àgbà láti àárọ̀ nílò ibi tó ti lè sáré.

ÌyáÌbejì_Dublin

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ọmọ fúnra rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ẹ máa fi fídíò pe Òkè-Àdó àti Ìsẹ́yìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó mọ ohùn wọn. Ẹ tẹ fọ́tò wọn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀: èyí ni Màmá, èyí ni Àǹtí, èyí ni ọmọ wọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ. Ẹ wá ọmọ kan tó tó o lọ́jọ́ orí nínú ẹbí, kí àwọn méjèèjì ti máa bára wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé. Ọmọdé kì í pẹ́ mọ ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn àgbà bá kún pálọ̀, ẹ̀yìn ọmọ yẹn ló máa tẹ̀lé.

Ẹ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ nígbà tí ẹ ò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "mo fẹ́ tọ̀", "ebi ń pa mí", "ó ti tó, ẹ ṣé", "mi ò fẹ́, ẹ jọ̀ọ́", "ẹ bá mi pe mọ́mì". Àwọn ìbátan á rẹ́rìn-ín sí bó ṣe ń pe Yorùbá. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà ò ní la ẹnu mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín kí wọ́n máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ẹ jókòó, kó jókòó sí itan yín, kí àwọn èèyàn wá kí yín níbẹ̀.

Ní Ìsẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣáláńgá ni wọ́n ní. Ọmọ tí kò rí i rí lè di ìgbẹ́ mọ́ra fún ọjọ́ púpọ̀ kó sì ṣàìsàn. Ẹ mú póò rẹ̀ kékeré dání. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kan tó jẹ́ tiẹ̀, torí bí iná bá lọ, òkùnkùn ilé wa kì í ṣe irú òkùnkùn tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kó ti máa fi kàn-ìn-kàn-ìn àti omi inú báàkẹ́ẹ̀tì wẹ̀ nílé yín báyìí, ó máa gbádùn rẹ̀.

Oúnjẹ: àkàrà, dòdò, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹ máa sè é fún un láti ìsinsìnyí, kó má ṣe jẹ́ àjèjì sí i. Omi inú ìgò tí wọ́n ò tíì ṣí ni kó máa mu, kí ó sì máa fi fọ eyín. Èso tí ẹ̀yin fúnra yín bó ni kó jẹ. Wárà tí wọ́n ń gbé kiri lójú ọ̀nà, ẹ má fún un. Bí ẹ̀pà bá ń bá a jà, ẹ má jẹ́ kó fẹnu kan súyà rárá, torí kúlíkúlí ni wọ́n ń lọ̀ sínú yájì rẹ̀, àwọn èèyàn wa kì í sì rántí sọ ọ́. Ẹ mú páálí ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) mélòó kan sápò fún ìgbẹ́ gbuuru.

ÌyáÀgbà_Bódìjà

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ìyá àgbà ni mí, èmi ni wọ́n ń mú àwọn ọmọ òkè òkun wá kí lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tèmi ni màá ti sọ̀rọ̀.

Kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ kí o tó gbé e wọlé. Má ṣe kọ́ ọ bí ìyà. Bá a kúnlẹ̀, kí ẹ jọ máa ṣe é láàárọ̀ nígbà tí ó bá ń kí ìwọ àti bàbá rẹ̀. Bí ó bá ṣe é fún ìyá àgbà yẹn, ìyá àgbà á kì í. Sọ oríkì rẹ̀ fún wọn, Àṣàkẹ́ ni o, Àbẹ̀kẹ́ ni o, kí wọ́n fi oríkì ìdílé lé e lórí. Gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù rẹ. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ ò fẹ́ kúnlẹ̀, ìwọ ni kí o kúnlẹ̀ fún òun àti ara rẹ, kò sí ìyá àgbà gidi tó máa bínú.

Jẹ́ kí wọ́n dirun fún un, ṣùkú tàbí pàtẹ́wọ́, kí ó jókòó sáàárín orúnkún àǹtí rẹ̀ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n má fà á jù. Wọ́n lè fún un ní àgbo díẹ̀ pẹ̀lú, kò burú, gbogbo yín la fi àgbo tọ́.

Mo rí i pé gbogbo yín ti dáhùn, ẹ sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tó le jù kọjá. Èmi á sọ ọ́. Abẹ́ ni obìnrin yẹn ń béèrè. Wọ́n dá tèmi ní kékeré, bí wọ́n ṣe dá ti gbogbo ọmọbìnrin agbo ilé wa. Wọ́n ní bí orí ọmọ bá kan ibi tí wọn ò dá nígbà ìbímọ, ọmọ náà á kú. Wọ́n ní ọmọbìnrin tí wọn ò dá abẹ́ fún á di oníṣekúṣe. Irọ́ ni méjèèjì. Ìrọbí tèmi fà mí ya, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi mìíràn rí irú rẹ̀. N kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan àwọn ọmọ mi, wọ́n bí, ọmọ wọn yè, wọ́n sì wà nílé ọkọ pẹ̀lú iyì.

Má ṣe dúró kí o dé Ìsẹ́yìn kí o tó sọ ọ́. Kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó sì sọ ọ́ fún wọn, ọkọ rẹ ni. Kó pe olórí ẹbí wọn, ọkùnrin tàbí obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀ nínú ilé yẹn, kó sọ pé òun bàbá ọmọ kò fẹ́, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá a lábàá. Bí olórí ilé bá ti sọ ọ́ jáde, obìnrin yẹn ò ní lè gba ẹ̀yìn wá. Síbẹ̀síbẹ̀, ibi tí o bá sùn ni kí ọmọ sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ mú un lọ wẹ̀ tàbí lọ kí ẹnì kan ní agbo ilé kejì, ẹ jọ lọ ni.

Àǹtí_Manchester

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Iṣẹ́ ààbò àwọn ọmọdé ni mò ń ṣe níbí, kí n fi ti òfin kún un. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2003 ka dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ mú ọmọ tó ń gbé níbí jáde lọ ṣe é lókè òkun. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14. Ní Nàìjíríà náà, òfin VAPP ti 2015, èyí tó de ìwà ipá sí èèyàn, dè é, àwọn ìpínlẹ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá sì ti ní òfin tiwọn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé kékeré kan tó ṣàlàyé òfin yìí, tí ìdílé lè mú dání lọ sílé láti fi han ẹbí. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ GP tàbí health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn ọmọ kékeré wò. Ó máa ń ran ẹni tí kò fẹ́ bá àgbà jiyàn lọ́wọ́, á kàn sọ pé: ẹ wò ó, wọ́n á tì wá mọ́lé.

Bí ọkọ yín bá pè wọ́n tí ìdáhùn wọn ò sì fi ọkàn yín balẹ̀, ìyá àgbà lè wá sí Ìbàdàn. Bí ara wọn ò bá gbà á, ẹ lọ láàárọ̀ pẹ̀lú ìyá tiyín tàbí ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ padà ṣáájú ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá sì ṣì wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí tí ẹ rí i pé ẹnì kan ń gbèrò láti mú ọmọ lọ láìsí ìfẹ́ yín, ilé ẹjọ́ lè fi àṣẹ dí i, wọ́n sì ń ṣe é kíákíá.

Nọ́ọ̀sìÌbàdàn

Mo kí Màmá Bódìjà. Ọ̀rọ̀ yín lórí abẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo wọ́ọ̀dù wa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lórí àgbo, ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èmi ò lè gbà. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ife àgbo, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ ọdún 4 kéré, ó sì ti ń lo oògùn ibà lójoojúmọ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní ohunkóhun.

ÌyáÀgbà_Bódìjà

Ó dára, Nọ́ọ̀sì. Mo gbọ́. Kí wọ́n fi àgbo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyá ọmọ má ṣe kọ̀ ọ́ lójú àwọn èèyàn. Kó gba ife náà, kó dúpẹ́, kó sọ pé dókítà ní kí ọmọ má tíì mu nǹkan mìíràn pẹ̀lú oògùn rẹ̀.

ÌyáỌlọ́mọge, Lewisham

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fi ọ̀rọ̀ Màmá Bódìjà han ọkọ mi. Ó kà á tán, ó jáde lọ sí gbàgede, ó pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé wọn. Wọ́n ní nílé wọn, wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀ tipẹ́, pé àwọn máa bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, àti pé yàrá ìyá àgbà gan-an ni èmi àti ọmọ máa sùn sí. Ọkàn mi balẹ̀. Màá ṣì mú ìwé náà dání, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á sì tẹ̀ lé wa láti Ìbàdàn.

A ti gba déètì abẹ́rẹ́ fún ibà pọ́njú. Fọ́tò àwọn Ìsẹ́yìn ti wà lára ògiri. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: tí a bá ti padà dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ara rẹ̀ bá gbóná, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òtútù Lọ́ńdọ̀nù lásán ni, àbí ibà?

Nọ́ọ̀sìÌbàdàn

Ẹ ò lè fi ojú mọ̀ ọ́n, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ ti dé Nàìjíríà títí di ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ bá padà, pàápàá láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́, ara gbígbóná èyíkéyìí ní láti rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ń bì, tí kò jẹun, tí ó kàn ń sùn ṣáá, ọ̀kan náà ni. Ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé. Bí GP bá ti tì, A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín níbẹ̀ ni pé ọmọ yìí ti Nàìjíríà dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà. Àwọn dókítà kan lọ́hùn-ún kì í ronú kàn án bí ẹ ò bá sọ ọ́. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá ní kò sí tí ara náà ò sì rọlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe, kódà bí ó bá lo gbogbo oògùn rẹ̀ láìpa ọjọ́ kan jẹ.